"Àwárí" tí kò rí nǹkan, àti "Kò sí àbájáde"

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Nínú títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí a bá tẹ orúkọ fáìlì sí i ní "àwárí", kí ó sì máa kéde "Kò sí àbájáde" bí kò bá mú nǹkan kan wá. Mi ò fara mọ́ méjèèjì, ti ìkejì ló sì ń bí mi nínú jù.

Wá lọ́tọ̀, rí lọ́tọ̀. Ẹni tó ní òun wá nǹkan kò tíì sọ pé òun rí i, àmọ́ ẹni tó ṣàwárí ti rí i ná. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni pé kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Báwo la ṣe máa wá sọ fún èèyàn pé àwárí rẹ̀ kò rí nǹkan? "Ìwákiri" ló bá a mu. Àwọn kan fẹ́ràn "ìwádìí", ṣùgbọ́n ìyẹn ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó ń wá lẹ́tà tó kọ lánàá kò wádìí ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ náà kì í wá nǹkan kiri rárá. Atọ́ka, ìyẹn àkójọ orúkọ fáìlì àti ibi tí wọ́n wà, tó ti tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń wò. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, orúkọ méjì ni wọ́n fún iṣẹ́ méjèèjì. Àṣẹ find máa ń wọ fódà kan tẹ̀ lé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Àṣẹ locate ní tirẹ̀ ń wo àkọsílẹ̀ tí àṣẹ mìíràn, updatedb, tò, èyí tó sábà máa ń di ọ̀tun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pamọ́ láàárọ̀ yìí, find á rí i, locate lè má mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà, ìwákiri fún ti àkọ́kọ́, wíwo atọ́ka fún ti ìkejì. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, kò ní yé olùlò ìdí tí fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ gan-an fi sọnù lójú ẹ̀rọ.

Ó wá ku "Kò sí àbájáde". Ìdánwò ní àbájáde, ìpàdé ní àbájáde. Kí a wá nǹkan kí a má rí i, àbájáde nìyẹn náà! Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó bá kà á á rò pé fáìlì òun ti pa rẹ́, nígbà tó lè jẹ́ pé fódà yẹn kò sí nínú atọ́ka ni. Ìwákiri Windows, bí ẹ bá fi í sí ipò tí wọ́n ń pè ní Classic, kì í fi gbogbo dísìkì sínú atọ́ka, àwọn fódà bíi Documents, Pictures, Music àti Desktop ló ń mójú tó. Spotlight, ohun tí kọ̀ǹpútà Mac fi ń wá fáìlì, kò ní wo fódà tí ẹ bá ti fi sínú àwọn tí ẹ ní kó má wò. Ó sì lè jẹ́ pé atọ́ka náà kò tíì pé, tàbí kó ti bàjẹ́. "Kò sí nínú atọ́ka" ni kó sọ, torí ìyẹn nìkan ló dá ẹ̀rọ lójú.

Ti àwa tí a ń fi àmì sí Yorùbá wa tún le díẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún lẹ́tà ọ́ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè mú ọ, U+1ECD, kó fi àmì òkè U+0301 lé e. Ẹlòmíràn á mú ó, U+00F3, á wá fi àmì abẹ́ U+0323 sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n, Unicode pàápàá sì ní kí a kà wọ́n sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ìwákiri kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ìrísí kan náà, wọn ò ní bára mu. Ẹni tó bá wá fi ìlà òró U+0329 sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, Unicode kò kà á mọ́ wọn.

Bí fáìlì yín bá ń jẹ́ "Ọ̀rọ̀ tuntun" tí ẹ̀rọ ní òun kò rí i, ẹ tẹ "tuntun" nìkan, torí kò ní àmì kankan. Bó bá jáde, àmì ló fa wàhálà náà, ẹ fi atọ́ka sílẹ̀.

Fún ohun tí à ń ṣe sí atọ́ka tó bàjẹ́, ẹnì kan dábàá "àtúnkọ́". Bí àmì bá bọ́ lórí rẹ̀, àtúnkọ ni yóò dà, àwọn èèyàn á sì rò pé fáìlì wọn ni wọ́n fẹ́ tún kọ. "Tún atọ́ka tò" ni èmi fara mọ́, kí a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò kan fáìlì yín. Ní ti sísọ kóòdù di ìrísí kan náà, "ìsọdọ̀kan" ni mo ṣì ń lò. Ó gbòòrò jù fún mi, ẹni tó bá ní èyí tó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá.