Ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í mu epo: ṣé òótọ́ ni ó lè gbé ilé kan?

Ọmọ Ọbáńtókò:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa dá mi lóhùn kí ìyá mi tó kó owó sílẹ̀. Ẹja tútù ni wọ́n ń tà níhìn-ín ní Ọbáńtókò, fíríísà méjì ni wọ́n sì ń lò. Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èrè ọjà náà. Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò wa ti wá sọ fún wọn pé òun lè ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í mu epo, tí kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á.

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Bátìrì kan ni yóò kọ́kọ́ yí mọ́tò kékeré kan (kì í ṣe ọkọ̀ o, ẹ̀rọ tí iná ń yí ni mo ń wí). Mọ́tò yóò fi bẹ́líìtì yí kẹ̀kẹ́ irin kan tó wúwo, kẹ̀kẹ́ irin yóò yí dáínámò, iná tí dáínámò bá sì mú jáde yóò pín sí méjì: apá kan yóò wọ inú ilé, apá kejì yóò padà lọ ṣáájì bátìrì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi fídíò rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Gílóòbù mẹ́rin àti fáànù kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì rí wáyà kankan tó ti ibòmíràn wá. Owó tó ń béèrè kò tó ìdajì ohun tí àwọn onísólà sọ fún wa.

Bí ẹ̀rọ yìí kò bá lè ṣiṣẹ́, kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ nínú fídíò? Bí ó bá sì lè ṣiṣẹ́, kí ló dé tí kò sí nínú gbogbo ilé ní Abẹ́òkúta?

Oníṣẹ́ Iná, Lafẹ́nwá:

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyá wa kú ọrọ̀ ajé. Mọ́tò àti dáínámò tó jóná ni àwọn èèyàn ń gbé wá fún mi kí n tún wáyà inú wọn wé, nítorí náà mo mọ inú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó náà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú fídíò yẹn ni bátìrì. Bátìrì fóólìtì 12 tí wọ́n kọ 100Ah sí lára (ìyẹn áńpíà 100 fún wákàtí kan) gbé nǹkan bí wáàtì 1,200 fún wákàtí kan, ìyẹn yúníìtì kan ó lé díẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n sábà máa ń lò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin kan, èyí tó jẹ́ wáàtì 746. Nítorí pé mọ́tò kì í lo gbogbo ohun tó bá gbà, yóò máa fa nǹkan bí wáàtì 930 lára bátìrì kí ó tó lè yí bó ṣe yẹ. Bí o bá pín in, wàá rí i pé bátìrì tuntun tó kún dáadáa lè gbé e fún wákàtí kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí a bá ṣe ń yára fa iná lára bátìrì tó bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe mú wá ń dínkù. Fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kò lè fi èyí hàn ọ́ láéláé, ẹni tó yà á sì lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé òun ti ṣe àwárí ńlá.

Wàyí o, ká wo iná tó ń padà. Ká ní mọ́tò náà dára, tó sì ń sọ 80 nínú 100 di yíyí, kí dáínámò náà sì dára, kí ó sọ 80 nínú 100 ohun tó gbà di iná. Nínú 100 tó kúrò lára bátìrì, 64 péré ni yóò padà. Bí a bá tún yí 64 yẹn po lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò ku 41. Lẹ́ẹ̀kẹta, yóò ku 26. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé gílóòbù kan ṣoṣo tàn nínú ilé. Ibi tí ìyókù gbà lọ kò farasin: fọwọ́ kan mọ́tò náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, wàá rí i pé ó gbóná, bẹ́líìtì gbóná, bẹ́ríǹgì gbóná, dáínámò náà gbóná. Ó dà bí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ alájọ kan láti fi dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kejì, tó tún ń gba ti ẹnì kejì padà fún ti àkọ́kọ́, tí àwọn méjèèjì sì ń yọ owó ọjọ́ kan tiwọn nígbàkígbà tí wọ́n bá sanwó.

Ọmọ Ọbáńtókò:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ìṣirò yín fún ọkùnrin náà. Ó ní òótọ́ lẹ sọ nípa mọ́tò àti dáínámò, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé kẹ̀kẹ́ irin. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin ni ó ń sọ agbára di ìlọ́po, pé bó bá ti gba ìsáré tán, yóò máa yí dáínámò fúnra rẹ̀. Àbúrò bàbá mi náà dá àbá mìíràn: kí a jẹ́ kí omi máa ṣàn láti inú táǹkì tó wà lókè ilé wa, kí ó máa yí dáínámò, kí pọ́ǹpù sì máa fi iná rẹ̀ gbé omi náà padà sókè. Ṣé èyí náà kò lè ṣeé ṣe?

Olùkọ́ Físíìsì, Àdátán:

Ọmọ mi, ó dára tí o béèrè nípa kẹ̀kẹ́ irin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kẹ̀kẹ́ irin kì í bí agbára, ó kàn ń tọ́jú èyí tí a bá fún un ni. Mú irin pẹlẹbẹ roboto kan tó wọn 50 kílò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà, kí o yí i ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbogbo agbára tó wà nínú irin eléwu yẹn (eléwu ni, nítorí bó bá já, ó lè pa èèyàn) kò ju nǹkan bí 19,000 joule lọ (joule ni a fi ń wọn agbára; ohun tó bá ń jẹ wáàtì kan ń lo joule kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ohun tó bá ń jẹ wáàtì 1,000 yóò lò ó tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 19. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ta gìrì nígbà tí ohun tó wúwo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fa iná, ìdí sì nìyẹn tí ojú fi ń rí i bí ẹni pé agbára pọ̀ sí i.

Ti omi yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táǹkì lítà 1,000 tó wà ní òkè mítà 6: bí gbogbo omi inú rẹ̀ bá ṣàn wálẹ̀, tí a kò sì pàdánù ohunkóhun, agbára tó wà níbẹ̀ kò tó 59,000 joule. Ìyẹn yóò tan gílóòbù wáàtì 10 fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ó lé ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹ tó rí yúníìtì kan ṣoṣo, táǹkì 61 ní láti ṣàn gbẹ. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù yóò wá béèrè ju iye yẹn lọ kí ó tó lè gbé omi náà padà.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí omi ló ń mú iná wá ní Káńjì láti ọdún 1968. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi pọ́ǹpù gbé Odò Ọya padà sókè. Oòrùn ló ń fa omi náà di ìkùukùu, òjò sì ń rọ̀ ọ́ sí orí ilẹ̀ gíga. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè nìyí nígbàkígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀rọ kan: ibo ni agbára ti ń wọlé? Bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kò bá lè fi ẹnu ọ̀nà náà hàn ọ́, máa wá a títí wàá fi rí i.

Ará Ìtòkú:

Ẹ jọ̀wọ́, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣirò pa iná inú àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n sọ nígbà kan pé èèyàn kò lè fò, lónìí a ń wọ bàálù. Ẹ wo òòfà tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì: ọdún mélòó ni ó ti ń di irin mú tí kò rẹ̀ ẹ́? Ṣé agbára tí kò lópin kọ́ nìyẹn?

Olùkọ́ Físíìsì, Àdátán:

Mo gba ìkìlọ̀ yín nípa àwọn ọ̀dọ́, inú mi sì dùn pé ẹ mú òòfà wá. Òòfà tó di irin mú kò ná agbára kankan, gẹ́gẹ́ bí ìṣó tí a fi gbé àwòrán kọ́ ògiri kò ṣe ná an. Ìgbà tí nǹkan bá ń sún ni agbára ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí òòfà bá fa irin mọ́ra, ó fún irin náà ní agbára díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí irin náà kúrò níbẹ̀ kó lè tún wá lẹ́ẹ̀kejì, iye kan náà lẹ óò san padà. Bí ẹ ṣe wù kí ẹ to òòfà yí kẹ̀kẹ́ ká, bí kẹ̀kẹ́ bá yípo kan tán, èrè rẹ̀ jẹ́ òdo.

Ti fífò yàtọ̀, nítorí ẹyẹ ń fò lójú gbogbo wa, kò sì sí òfin tó ní kó má fò. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1150 ni Bhaskara ní Íńdíà ti ṣàpèjúwe kẹ̀kẹ́ tí yóò máa yí títí láé, àwọn ọlọ́gbọ́n èèyàn sì ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1775, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti ilẹ̀ Faransé ní Paris kéde pé àwọn kò ní yẹ irú àbá bẹ́ẹ̀ wò mọ́. Ní àwọn ọdún 1840 ni Joule, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá fi ohun wíwúwo tó ń já bọ́ ru omi, tó sì wọn bí omi náà ṣe ń móoru: iye tó wọlé ni iye tó jáde, kò lé, kò dín.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí Ọmọ Ọbáńtókò mọ̀. Ní ọdún 1812, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Redheffer ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wo ẹ̀rọ rẹ̀ tí kì í dúró, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò dé, wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ni eyín àwọn irin rẹ̀ ti ń jẹ. Ìyẹn ni pé ohun tó ní ẹ̀rọ òun ń yí gan-an ló ń yí ẹ̀rọ náà. Ó kó lọ sí New York. Ní ọdún 1813, Robert Fulton, ẹni tó ṣe ọkọ̀ ojú omi onísítíìmù, ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ náà ń yí ségesège. Ó ya pákó ara ògiri kúrò, ó sì rí okùn tín-ín-rín kan tó gba inú ògiri lọ sí yàrá òkè, níbi tí bàbá arúgbó kan jókòó sí tó ń fi ọwọ́ yí i.

Ọmọ Ọbáńtókò:

Ó ti yé mi báyìí, ẹ ṣeun, sà. Màmá mi náà ti gbà kí a má san owó náà. Ṣùgbọ́n ẹja wà nínú fíríísà, epo sì wọ́n. Kí ni ká ṣe?

Oníṣẹ́ Iná, Lafẹ́nwá:

Àbúrò mi, bí ọkùnrin náà bá ṣì ń tẹnu mọ́ ọn, ẹ ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sílé yín, kó so fíríísà méjèèjì mọ́ ọn láti àárọ̀ ọjọ́ kan di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi mítà wọn bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má san ohunkóhun ṣáájú.

Oòrùn ni agbára tó ń wọlé láìgba owó lọ́wọ́ ẹni, àní bí a tilẹ̀ ń san owó irinṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, bí kò bá sí ìkùukùu, nǹkan bí wáàtì 1,000 ló ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó, pánẹ́ẹ̀lì tó dára sì ń sọ bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ di iná. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 kan lè fún yín ní nǹkan bí yúníìtì kan àti ààbọ̀ lójúmọ́ níhìn-ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, yóò dín kù gan-an.

Bátìrì ló ń gbé owó sólà ga. Fún ẹni tó ń ta ẹja, ẹ lè dín bátìrì kù bí ẹ bá jẹ́ kí fíríísà ṣiṣẹ́ kárakára lọ́sàn-án, tí ẹ sì fi ike omi kún àlàfo inú rẹ̀. Omi náà yóò di yìnyín lọ́sàn-án, yóò sì máa mú ẹja tutù lóru. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yẹ rọ́bà etí ìdérí wò: ẹ ha bébà kan sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ sì fà á, bó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, atẹ́gùn gbígbóná ń wọlé, ẹ sì ń fi owó epo lé e jáde. Fíríísà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lè jẹ ìlọ́po méjì ohun tí tuntun ń jẹ.

Lọ wo ẹ̀yìn fíríísà méjèèjì, kí o kọ iye wáàtì àti áńpíà tó wà lára wọn síbí, kí n lè bá yín ṣírò iye pánẹ́ẹ̀lì tí yóò tó wọn.