Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń to ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì àdáni?
Ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n ní kí n kọ òfin tó máa de ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì àdáni táa fẹ́ dá sílẹ̀, mo dé ibi iye ọmọ ìgbìmọ̀, mo kọ 14, mo pa á rẹ́, mo kọ 11, kí ìbò má baà dọ́gba. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni olùdásílẹ̀ wa, òun ló lówó, ó wá fẹ́ kí ìyàwó àtọmọ ẹ̀ méjì wà níbẹ̀ kóun náà sì jẹ́ alága títí ayé, ọkàn mi ò gbà á rárá. Ṣé aṣojú àwọn olùkọ́ máa ń dìbò àbí ó kàn ń jókòó gbọ́ ni? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí sáà gbogbo wọn ò fi ní parí lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ dákun, ẹni tó bá ti ṣe é rí.