Ọdún kan ti fẹ́ pé ní Harbin nídìí èdè Ṣáínà, ṣé kí n fi òmíràn kún un ni?

Ọmọ_Àkàndé:
Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Harbin ni mo wà, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, èdè wọn nìkan ni mo wá kọ́ láti ọdún tó kọjá, kíláàsì sì ti fẹ́ parí. Mo ti yege HSK 4, ìyẹn ìpele kẹrin ìdánwò èdè Ṣáínà fáwọn àlejò, àwọn yunifásítì tí mo fọkàn sí sì ní ìyẹn tó fún ẹni tó bá fẹ́ ka ẹnjiníà. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí tíṣà wa bá ń sọ̀rọ̀ kò sóhun tí mi ò gbọ́, ọjọ́ tí mo wá yọ́ lọ jókòó sẹ́yìn níbi táwọn ọmọ Ṣáínà ti ń gba lẹ́kíṣọ̀ tiwọn, kí n tó tú gbólóhùn kan tán olùkọ́ ti sọ mẹ́rin míì, ó ti nu bọ́ọ̀dù. Ṣé kí n tún ọdún kan ṣe nídìí èdè ni àbí kí n wọnú dìgírì lọ bẹ́ẹ̀? Àwọn òbí mi ló ń sanwó, wọ́n sì ní kí n yé fàkókò ṣòfò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀hún pẹ́, tẹ́ ẹ bá wẹ̀yìn wò báyìí, kí lẹ rò?

Adùkẹ́_Wuhan:
Àbúrò mi, ohun tójú ẹ rí yẹn, gbogbo wa la rí i. Nígbà tiwa, HSK 4 ò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,200 lọ, HSK 5 ń béèrè 2,500, báwo lo ṣe wá fẹ́ gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ ẹnjiníà? Tíṣà èdè mọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti kọ́, inú ẹ̀ ló ń rìn, ó tún ń fà á jẹ́jẹ́. Dírẹ́bà tákísí ò mọ̀yẹn.

Èmi ṣe ọdún kejì o, ọdún yẹn gan-an lẹnu mi là, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kíláàsì ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ iléèwé níbẹ̀ máa ń kó àwọn àlejò sí họ́sítẹ̀lì tiwọn lọ́tọ̀, tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan lo ń jẹ lo ń sùn, Òyìnbó lẹ máa sọ títí wàá fi padà sílé. Àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n máa ń kóra jọ sí páàkì nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń ta ayò wọn, àwọn ni tíṣà mi. Wọ́n ráyè, wọ́n sì fẹ́ràn àtiwádìí: ọmọ mélòó ni yín, kí ni bàbá ẹ ń ṣe, ìgbà wo lo máa lọ́kọ. Ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, ìdáhùn mi wá ń dán sí i.

Ohùn ò tiẹ̀ dààmú mi tó bó ṣe dààmú àwọn yòókù, etí àwa ti mọ ohùn láti kékeré. Ohùn kẹta nínú ohùn mẹ́rin tí èdè wọn ní nìkan ló pọ́n mi lójú, tí méjì bá tẹ̀ léra, ti àkọ́kọ́ á yí padà di ohùn kejì.

Bàbá_Kékeré:
Èmi ò gbà pẹ̀lú Adùkẹ́ tán o. Wọlé lọ jàre. Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà, inú ẹnjiníà lo ti máa rí i, tó o bá ṣe ọdún méjì míì nídìí èdè, ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ àti ìrìn àjò àti bá a ṣe ń tọ́jú àyíká ni wọ́n á ṣì máa kọ́ ẹ. Ra ìwé kọ́ọ̀sì yẹn láti ìsinsìnyí kó o máa kà á ṣáájú, semẹ́sítà àkọ́kọ́ á le, kò ní pa ẹ́.

Ohun tí mo bẹ̀rù fún ẹ ni ọwọ́. Gbogbo wa ń fi pínyín, ìyẹn èdè Ṣáínà tí wọ́n fi ABD kọ, tẹ̀wé lórí fóònù, fóònù á kó lẹ́tà Ṣáínà jáde wàá mú èyí tó o mọ̀, inú ẹ á dùn pé o mọ̀wé, tí wọ́n bá wá gbé pépà lásán síwájú ẹ nínú ìdánwò, lẹ́tà tó ò ń rí lójoojúmọ́, o ò ní mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Máa fọwọ́ kọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Harbin sún mọ́ èyí tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n gan-an, tó bá jẹ́ Chengdu tàbí Guangzhou lo ń lọ, èdè ọjà ibẹ̀ yàtọ̀, lo àǹfààní ibi tó o wà.

Ẹ̀gbọ́n_Fisa:
Èyíkéyìí tó o bá ṣe, wo ọjọ́ tó wà lára pámíìtì ìgbélùú ẹ kó tó kú. Òfin wọn gbà kí wọ́n gba 500 yuan lọ́wọ́ ẹ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó o bá fi kọjá, títí dé 10,000, tàbí kí wọ́n tì ẹ́ mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15. Tó o bá ń yí iléèwé padà, gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, má dúró dìgbà tí ọ́fíìsì wọn bá ti lọ fún họ́lídè. Tó o bá sì háyà ilé níta, láàárín wákàtí 24 ni kó o lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọmọ_Àkàndé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kò wá ṣeé ṣe kí n fi semẹ́sítà kan péré kún un?

Adùkẹ́_Wuhan:
Ó ṣeé ṣe, kíláàsì èdè máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù September, ó tún máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun wọn. Ṣùgbọ́n September ni dìgírì ní tiẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tó o bá fi semẹ́sítà kan kún un báyìí, ó máa parí ní January, wàá wá jókòó lásán di September. Torí ẹ̀, ó di ọdún kan gbáko tàbí kó o wọlé. Mo ṣì ní kó o ṣe ọdún kan sí i o, kí Bàbá Kékeré má bínú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú họ́sítẹ̀lì yẹn náà lo ti fẹ́ lò ó, á dáa kó o wọlé.