Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àlàárì tàbí adìrẹ fún ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mo wà. Lọ́dún yìí, èmi àtàwọn ọmọ ló fẹ́ fọwọ́ ara wa ṣe gbogbo ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ilé wa. Télọ̀ mi ti kó àwọn ègé aṣọ tó ṣẹ́ kù fún mi: àlàárì, sányán, adìrẹ aláró, àti ańkárá oríṣiríṣi. Bí mo bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ní lójú. Kọ́tìnì pálọ̀ wa pupa rúsúrúsú, ògiri funfun, àga aláwọ̀ igi. Bàálé mi fẹ́ adìrẹ, ọkàn tèmi wà lára àlàárì. Èwo ni kí n mú? Báwo ni mo sì ṣe máa gé aṣọ òkè tí kò fi ní tú?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, àlàárì ni kẹ́ ẹ mú. Pupa rẹ̀ bá kọ́tìnì yẹn lọ, sányán á sì bá àga yín mu. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn méjèèjì ti jọ ń gbé nínú àpótí àwọn ìyá wa. Ańkárá yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún yàrá àwọn ọmọ.

Bàbá Télọ̀: Aṣọ òkè kò fẹ́ ìkánjú. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ẹ tú ojú rírán yẹn. Etí ọ̀já kọ̀ọ̀kan kò ní tú, ibi tẹ́ ẹ bá dábùú gé nìkan ló máa tú. Ẹ po láfún bíi sítáàṣì, kó má ki jù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sẹ́yìn ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, kó gbẹ kanrankanran kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Páálí bàtà ni kẹ́ ẹ gé ní ìràwọ̀ kẹ́ ẹ tó fi aṣọ wé e. Ti bisikíìtì rọ̀ jù.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Èmi wà lẹ́yìn bàálé yín o! Ẹ fi adìrẹ sí ọ̀nà yàrá, kó dá dúró, àwọ̀ aró lára ògiri funfun dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, torí aró tuntun lè kun ògiri.

Màmá Tólú: Ẹ má gbàgbé imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tá a bá lọ́wọ́ àwọn òbí wa nìyẹn. Kó kù bí ọjọ́ méjì sí ọdún kẹ́ ẹ tó gé e, torí ọyẹ́ máa ń gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan àbẹ́là nítòsí rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Àlàárì àti sányán ní pálọ̀, adìrẹ ní ọ̀nà yàrá, inú bàálé mi náà ti dùn. Bàbá, tí kò bá sí láfún nílé ńkọ́, ṣé ògì lè ṣe é?

Bàbá Télọ̀: Ó lè ṣe é dáadáa. Ògì funfun ni o, ti ọkà bàbà á hàn lára sányán.