Ìrírí Wa Lórí Kíkọ́ Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Ara Nínú Kíláàsì Gbogboogbò

Olùkọ́ Ìṣirò, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ kíkọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara bá ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa, owó àti ohun èlò ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń lọ sí. N kò ní owó kò ṣe kókó, ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ ìṣirò ní apá Òkè Àró, ohun tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí kò ríran lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn kò ju bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, àti ohun tí mo bá ti ṣètò sílẹ̀ kí agogo tó dún.

Àwa olùkọ́ ìṣirò a máa fi ìka sọ̀rọ̀ jù. A ó dojú kọ pátákó, a ó ní, "Ẹ mú èyí kúrò níbí, ẹ gbé e sọ́hùn-ún, kí ló kù?" Ọmọ tó ń ríran yóò tẹ̀ lé ìka wa, ẹni tí kò ríran ńkọ́? Ìlànà mi ni pé n kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sójú pátákó láìkà á jáde bí mo ti ń kọ ọ́: ìlọ́po méjì x, ẹ fi márùn-ún kún un, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ẹ yọ márùn-ún kúrò lọ́tùn-ún àti lósì, ìlọ́po méjì x wá jẹ́ méjìlá. Ó ń fa àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sẹ́yìn, tí ojú wọn kò tó pátákó tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ra awò ojú fún, ni wọ́n kọ́kọ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìwé kíkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí tún gba òye. Bíréèlì ló ń kọ, ìyẹn ètò ìkọ̀wé alámì mẹ́fà tó ń yọ sókè lójú ìwé, tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà, tí Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe parí ní ọdún 1824 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. Kò sí ẹ̀rọ Perkins tí a fi ń tẹ Bíréèlì lọ́wọ́ ọmọ yìí. Síléètì Bíréèlì, ìyẹn férémù oníhò tó ń di ìwé mú, àti irin kékeré onímú ṣóṣóró ló fi ń gún ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo síléètì, láti ọ̀tún sí òsì ló ń kọ̀wé, nítorí pé ẹ̀yìn ìwé ló ń gún, àfi bó bá sì yọ ìwé náà tó yí i padà ni ìka rẹ̀ tó lè ka ohun tó kọ. Ẹ wá ro ìṣirò onílà mẹ́fà tó ní kí a máa bojú wẹ̀yìn wo ìlà tó ṣáájú. Nítorí èyí, bí mo bá fún kíláàsì ní iṣẹ́ mẹ́wàá tó jọ ara wọn, mo máa ń ṣa mẹ́rin fún un, mẹ́rin tí ọgbọ́n inú wọn yàtọ̀ síra, mo sì máa ń jẹ́ kó fi ẹnu ṣàlàyé ọ̀kan. Àwọn kan ní ojúsàájú ni. Iye iṣẹ́ ni mo dín. N kò dín ìmọ̀ tí mo ń béèrè kù. WAEC pàápàá ń fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àfikún àkókò.

Ní ti àwòrán, òwú tó nípọn tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí ti tó fún onígun mẹ́ta àti àwòrán róbótó. Gíráàfù ló le. Pákó tí káfíńtà kan ìṣó sí ni mo ń lò, a ó sì máa fi rọ́bà tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń so ọ̀rá lọ́ láti ìṣó kan dé òmíràn. Ọ̀rẹ́ kan tó jókòó tì í máa ń bá a ka ohun tó wà nínú ìwé. Mo fẹ́ gbọ́ tiyín.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Oǹdó

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ti èmi, etí ni. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé bí ọmọ bá ti fi ẹ̀rọ sétí, ọ̀ràn bùṣe. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohùn olùkọ́ yàtọ̀ sí ariwo. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé sókè pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ni rí lábẹ́ òrùlé páànù tí kò ní àjà nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án bá dé, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í bá a figbe ta: mo ti kọ iṣẹ́ sórí páálí sílẹ̀, kíláàsì yóò sì máa ṣe é ní méjì-méjì títí òjò yóò fi dá.

Ẹnu mi ló tún ń wò. Nítorí náà, bí mo bá ń kọ̀wé sójú pátákó, mo máa ń pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí mo bá yí padà tán ni mo tó ń sọ̀rọ̀. N kì í dúró síwájú fèrèsé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn mi yóò sọ ojú mi di òkùnkùn. Síbẹ̀, wíwo ẹnu nìkan kò tó, pàápàá fún èdè wa. Ohùn kì í hàn lórí ètè: igba, igbá àti ìgbà, ọ̀kan náà ni lójú ẹni tí kò gbọ́, bákan náà sì ni bá àti má. Nítorí náà, mo máa ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú ẹ̀kọ́ sí igun pátákó kí n tó bẹ̀rẹ̀, tàmì-tàmì, mo sì máa ń nawọ́ sí èyí tí mo bá ń sọ lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá dáhùn ìbéèrè láti ẹ̀yìn, mo máa ń kọjú sí i, mo sì máa ń tún ìdáhùn náà sọ fún un.

Ti adití pátápátá tún yàtọ̀. Èdè ọwọ́ ni wọ́n nílò. Èyí tí wọ́n ń sọ níhìn-ín ní gbòǹgbò nínú ti Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Olùkọ́ tó bá mọ ogún àmì kì í ṣe ògbufọ̀, kó má sì ṣe bíi pé òun jẹ́ ọ̀kan.

Ibi tí n kò ti bá yín gbà ni ti ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wá ń kọ ìwé fún ọmọ náà, tó ń dáhùn fún un, tó sì ń pinnu ìgbà tí wọn ó jẹun. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ náà gan-an sì ti ń rẹ̀yìn.

Òṣìṣẹ́ ní Alágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n kọ́ sọ díẹ̀. Àfín ni mí. Gbogbo olùkọ́ ló ń gbé mi síwájú, inú ire ni wọ́n sì fi ṣe é, ṣùgbọ́n iwájú tó wà lẹ́bàá fèrèsé burú ju ẹ̀yìn lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń dí wa lójú. Pátákó funfun tó ń dán tún le ju dúdú lọ. Olùkọ́ kan ló yàtọ̀: ó jẹ́ kí n máa dìde lọ síwájú pátákó láìtọrọ àyè, ó sì máa ń yá mi ní ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dà kọ, láìsọ ọ́ níwájú kíláàsì rí. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé kí ẹni tó ní ìpèníjà ara kàwé láìsí ìyàsọ́tọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ìparí girama. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún olùkọ́ ibi tí oòrùn ń gbà wọ kíláàsì rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó, òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀rẹ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń yí ẹni tó ń bá a jókòó padà, ìwé kíkà nìkan sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ nǹkan fún un. Bí a bá pín sí ẹgbẹ́, ọwọ́ ọmọ náà ni pákó ìṣó máa ń wà, àwọn yòókù ní láti pe nọ́ńbà fún un kó tó fa rọ́bà, ẹgbẹ́ náà kò sì lè parí iṣẹ́ láìbá a sọ̀rọ̀.

Fún àwọn tó ń béèrè bí a ṣe ṣe pákó náà: ìṣó mọ́kànlá ní ìbú, mọ́kànlá ní òró, kí a lè ka òdo dé mẹ́wàá, pẹ̀lú ìnṣì kan láàárín ìṣó sí ìṣó. Ẹ fi òwú wé èyí tó dúró fún 5 àti 10 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ìka má baà máa kà láti òdo ní gbogbo ìgbà. Kí káfíńtà má lo ìṣó páànù. Ó ti tóbi jù, rọ́bà kì í sì í dúró lára rẹ̀ dáadáa.