Aláìsàn tó jẹ́ ìtọ́jú ìtura nìkan (èyí tó ń dín ìrora kù, tí kì í wo àìsàn sàn) ló kù fún un: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n fẹ́ dá ìyá ẹni ọdún 68 kan padà sílé ní Òjé lọ́sẹ̀ yìí. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ó ti dé inú eegun. Morphine olómi, oògùn ìrora tó lágbára, ni dókítà kọ, 5 ml ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń dá ṣe gbogbo ìtọ́jú. Àwọn ọmọ ń sọ pé oògùn náà ló máa pa ìyá wọn, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń pàṣẹ lórí fóònù. Kí ni ká kọ́kọ́ kọ́ wọn?

Apoògùn Bódìjà:
Aago ni. Mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí ti mẹ́wàá alẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn 10 ml, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ìlọ́po yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde ní aago méjì òru. Ìyá á sùn, ìyàwó ilé náà á sùn. Bí kíndìnrín ìyá ò bá dáa, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó lo ètò yìí rárá.

Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń dúró kí ìrora dé kí wọ́n tó fún un. Ìrora tó ti gbéra tán kì í tètè gbọ́ oògùn. Bó bá yọjú kí àkókò tó pé, kí wọ́n fún un ní 5 ml míì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n má sì fo èyí tó kàn. Bó bá ń ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́, dókítà ni kó tún ìwọ̀n ṣe.

Ẹ fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n lójú ìyàwó náà, kí òun náà wọ̀n ọ́n lójú yín. Ṣíbí ilé ò dọ́gba. Èébì àti oorun ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń lọ. Àìrígbẹ́yà ò ní lọ, torí náà bisacodyl, oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ jáde, gbọ́dọ̀ bá a rìn láti ọjọ́ kìíní, 5 sí 10 mg lálẹ́. Inú tó le ló ń mú kí ẹbí ju morphine nù. Bí wọ́n bá pè é tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ò tó mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n dá morphine dúró, kí wọ́n pe dókítà kíákíá.

Alágbàtọ́ Ilé:
Lórí pé oògùn ló máa pa á, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n rí tó mu ún. Ẹ sábà máa gbọ́ pé ìgbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún onítọ̀hún. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣàlàyé pé àìsàn ló pa á, kì í ṣe oògùn.

Ẹ pe ìpàdé ẹbí, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ìyá fúnra rẹ̀ pé kí ló fẹ́ mọ̀, ta ló sì fẹ́ kó gbọ́. Ẹ pe ìyàwó ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú, torí níwájú àwọn ẹbí ọkọ, "kò sí wàhálà" nìkan ló máa sọ. Ẹ béèrè iye wákàtí tó ń sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì: ẹni méjì míì gbọ́dọ̀ máa wá sùn ti ìyá. Orúkọ àti ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. "Gbogbo wa á máa ṣe é" kì í mú ẹnì kankan wá. Ẹ gbé ti Lọ́ńdọ̀nù sórí WhatsApp kó gbọ́ ohun tí gbogbo wọn gbọ́, kẹ́ ẹ sì fún un níṣẹ́: owó pampers, owó ọkọ̀ lọ sí UCH (ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn) láti gba ìgò tuntun kí ti ilé tó tán. Morphine tó bá tán lójijì á mú ìrora padà, ara ìyá á sì máa gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an. Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ti ń fi ṣíbí ti ògì sí i lẹ́nu.

Àǹtí Ìbẹ̀wò:
Ìyẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí kò sí ọmọ tó fẹ́ gbọ́ pé òun febi pa ìyá òun. Ẹ tètè sọ fún wọn pé àìsàn ló mú ebi kúrò lára rẹ̀. Ògì tí wọ́n bá tì sẹ́nu ẹni tó ń tòògbé, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Kí ìyá jókòó dáadáa, ṣíbí mẹ́ta mẹ́rin, kí wọ́n dúró kó gbé e mì. Bí kò bá fẹ́ mọ́, ẹ wá nǹkan míì fún ọwọ́ wọn ṣe: òwú tútù fún ètè àti ẹnu, òrí díẹ̀ sí ètè, kí wọ́n sì máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí bàdí má baà dégbò. Bí egbò ọmú bá ń rùn, kí wọ́n lọ Flagyl kúnná, kí wọ́n bù ú sójú egbò nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ báńdéèjì. Òórùn yẹn ló ń lé àwọn ọmọ-ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Alágbàtọ́ Ilé:
Ẹ sọ ti ọ̀fun tó máa ń dún hòrò hòrò nígbẹ̀yìn náà fún wọn, kí wọ́n má rò pé nǹkan há a lọ́fun. Kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kí wọ́n sì pinnu báyìí bóyá ilé ni ìyá fẹ́ dákẹ́ sí, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè, kí wọ́n má baà máa gbé e sáré kiri nínú táksí lóru. Ìwé ẹ̀rí dókítà ni wọ́n máa fi forúkọ ikú sílẹ̀ ní National Population Commission tó bá yá, kí wọ́n má gbàgbé gbà á.