Àwòrán tí AI kò fi àmì pupa sí: báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Èmi ni mò ń ṣètò kíka àwòrán CT (àwòrán X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele) ní ẹ̀ka wa. Wọ́n gbé ẹ̀rọ AI kan wá fún wa. Bí àwòrán orí bá ti jáde, á yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Bó bá fura sí ẹ̀jẹ̀ nínú agbárí, á fi àmì pupa sí i, á sì gbé e lọ sókè ìlà àwọn àwòrán tó ń dúró de kíkà. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an, mi ò ní purọ́.

Àwọn tí kò lámì ló ń kọ mí lóminú. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń pè wọ́n ní "èyí tó dáa". Láìpẹ́ yìí, àwòrán ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀jẹ̀ ti wà láàárín agbárí àti ọpọlọ, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti bá ti ọpọlọ mu. Ihò omi inú ọpọlọ tó ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ló tú u fó. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá, ara wọn ti ń yá, ṣùgbọ́n wọ́n dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ká pa ẹ̀rọ náà ni?

Dókítà àwòrán kan: Ẹ má pa á o! Nígbà tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ Viz.ai ní 2018, èyí tó ń wá iṣan ńlá tó dí nínú ọpọlọ, kó máa ta dókítà lólobó ni wọ́n fọwọ́ sí. Wọn ò ní kó dá ẹnikẹ́ni láre. Àìsí àmì kì í ṣe èsì, ẹ bá àwọn ọ̀dọ́ yẹn sọ ọ́ kó yé wọn. Ẹ̀jẹ̀ tuntun máa ń funfun lórí CT. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, ó lè bá ọpọlọ dọ́gba, ojú àgbà pàápàá lè fò ó. Ẹ fi aago sí ìsàlẹ̀ ìlà: àwòrán tó bá ti pẹ́ kó gòkè fúnra rẹ̀, lámì tàbí láìlámì.

Ayàwòrán CT: Àwa la ń rí aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bì, tó ń tòògbé lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fún wa ní nọ́ńbà tá a lè pè tààrà. Ẹ tún mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń pariwo lásán: bí aláìsàn bá mi orí, tàbí tí kálísíọ́mù bá ti dì sínú ọpọlọ, ó lè pè é ní ẹ̀jẹ̀.

Dókítà pàjáwìrì: Lórí rọpárọsẹ̀, ẹ̀rọ yìí dára fún wa. Abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà kọjá wákàtí 4 àbọ̀ látìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ "kíákíá" sórí fọ́ọ̀mù, tí mo sì kọ ọ́ pé aláìsàn ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, AI ò gbọ́dọ̀ tì í sísàlẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Màá fún àwọn ayàwòrán ní nọ́ńbà lónìí. Dókítà, aago yẹn ńkọ́, wákàtí mélòó lẹ fi sí i?

Dókítà àwòrán kan: Wákàtí 1 fún ti pàjáwìrì níbi tiwa. Lóṣooṣù, a tún máa ń kó gbogbo èyí tí ẹ̀rọ fò jọ, a ó jọ wò ó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́.